Kọ́ Ojú Òsì Níṣẹ́ Kí Ojú Ọ̀tún Tó Lọ Sinmi

  Èmi nìkan ni mo wà nídìí máíìkì lónìí, kò sí àlejò. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kan ojú mi ọ̀tún, ó kan iṣẹ́ mi, ó sì kan fóònù tó wà lọ́wọ́ yín náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbọ́ wa tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun. Festac ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí, ìsìnkú àgbà, àti fọ́tò ojú títì tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, dókítà máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní ojú ọ̀tún. Ojú ọ̀tún yìí ni mo fi ń yọjú wo inú kámẹ́rà láti ọdún 9 sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ 5 ti kọjá báyìí tí wọ́n ti fún mi lọ́jọ́, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń kọ́ bí mo ṣe máa ṣiṣẹ́ láì gbára lé e.

N kò fẹ́ kí iṣẹ́ abẹ parí kí n tó sọ ọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí máa wúlò fún jù ni ẹni tó ṣì ń retí ọjọ́ tirẹ̀, bíi tèmi. Ẹ jẹ́ ká lọ.

Kí ló wà lójú mi?

Ẹran kékeré kan ló hù láti igun ojú mi, ní ẹ̀gbẹ́ imú, tó ń rá díẹ̀díẹ̀ lọ sórí dúdú ojú. Pterygium ni àwọn dókítà ń pè é. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìyẹ́ kékeré, torí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí apá kòkòrò. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ràn. Tí ẹ bá fara balẹ̀ wo ojú àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́kadà, àwọn apẹja àti àwọn tó ń tajà nínú oòrùn, ẹ máa rí i lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Oòrùn ló ń fà á jù. Eruku àti afẹ́fẹ́ náà ń dá kún un.

Ẹ wá wo àdúgbò wa. Ẹni tó bá ti dúró ya fọ́tò rí ní Mile 2, níbi tí ọ̀nà Badagry àti ọ̀nà Apapa sí Oshodi ti pàdé, tí tírélà ń gbé eruku dìde láti àárọ̀ dalẹ́, mọ ohun tí mo ń wí. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ láàárọ̀ Sátidé tí n kò bá ní òde. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Àwọn èrò tó ń sáré gun àtẹ̀gùn, àwọn tó ń ta búrẹ́dì, kọ̀ndọ́ tó ń pariwo, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ibi tí fọ́tò ti dùn náà ni eruku ti pọ̀, oòrùn sì wà níwájú mi.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní ẹran yìí ni wọ́n ń gbé lọ síbi abẹ. Tí kò bá tíì dàgbà, wọ́n lè fún un ní oògùn tí a ń kán sójú kó má baà máa ta á, kí wọ́n sì ní kó máa lo gíláàsì oòrùn. Tèmi ti ń sún mọ́ àárín ojú. Ó ti ń fa awọ tó mọ́ gaara tó wà níwájú dúdú ojú, débi pé iná ọkọ̀ lálẹ́ máa ń ní ìrù lójú mi. Dókítà sọ fún mi pé, "Àbúrò, tí a bá jẹ́ kó dé àárín, a ṣì lè gé e, ṣùgbọ́n ó lè fi àpá sílẹ̀ níbi tí o fi ń ríran gan-an." Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n ṣe máa ṣe é nìyí, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé fún mi. Wọ́n máa fi oògùn mú ojú náà kú, n kò ní sùn. Wọ́n máa gé ẹran náà kúrò, wọ́n á wá mú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ láti apá òkè ojú kan náà, lábẹ́ ìpéǹpéjú, wọ́n á fi bo ibi tí wọ́n gé. Ìdí tí wọ́n fi ń bò ó ni pé tí wọ́n bá kàn gé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń hù padà. Mo máa lọ sílé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú bándéèjì lójú.

Nígbà tí Màámi gbọ́, wọ́n ní kí n má lọ síbi abẹ rárá, pé ẹnì kan ń ta àgbo ojú tó dáa. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Mo bi dókítà ní ìbéèrè yẹn. Wọ́n ní kò sí àgbo tàbí oògùn kankan tó lè wọ́ ẹran yìí padà, pé ohun tí a bá sì bù sójú láìmọ ohun tó wà nínú ẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá." Màámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Tí o bá ti gbà, èmi ni mo máa bá ọ lọ." Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ohun kan náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé: omi ṣúgà, ìtọ̀, omi ọyàn, àgbo inú ìgò, kò sí èyí tó yẹ kó wọ ojú yín nínú wọn. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ojú. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti lè fi ẹ̀rọ wò yín.

Ojú wo ni ọ̀gá?

Ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan kan pọ̀. Tí ẹ bá ń wakọ̀, ẹ fi èyí sílẹ̀ títí ẹ ó fi délé o.

Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ìkejì, kí ẹ fi àárín àtàǹpàkò àti àwọn ìka yòókù ṣe ihò kékeré kan. Ẹ la ojú méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ wo nǹkan tó jìnnà díẹ̀ láti inú ihò náà, bíi aago ara ògiri. Ẹ wá di ojú òsì. Ṣé aago ṣì wà nínú ihò? Tó bá ṣì wà níbẹ̀, ojú ọ̀tún yín ni ọ̀gá. Tó bá ti sá jáde, ojú òsì ni.

Miles ni wọ́n ń pe ìdánwò yìí, wọ́n fi orúkọ Walter Miles pè é, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀ọ́, kò bá Mile 2 wa tan o.

Ohun tó fi yé wa ni pé ọpọlọ kì í bu iye kan náà fún ojú méjèèjì. Tó bá kan ká na nǹkan sí ibi kan pàtó, bíi ká fi abẹ́rẹ́ gba òwú tàbí ká yọjú níhò, ojú kan ló máa ń gba aṣíwájú. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ojú tó ríran jù. Kì í sì í ṣe dandan kó wà ní apá kan náà pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ fi ń kọ̀wé. Bí ẹ bá kó ènìyàn 3 jọ, nǹkan bíi 2 nínú wọn ló máa jẹ́ ojú ọ̀tún.

Tèmi, ọ̀tún ni. Ọ̀gá gan-an ló fẹ́ lọ sí ìsinmi yìí.

Ṣebí ojú méjì ni?

Ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi nìyẹn. "Ṣebí ojú méjì l'Ọlọ́run fún ẹ, lo ìkejì." Òótọ́ ni. Dókítà yẹ ojú òsì mi wò, ó ríran dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ojú nìkan ló mọ iṣẹ́. Ọrùn mọ̀ ọ́n. Ìgbọ̀nwọ́ mọ̀ ọ́n. Àtàǹpàkò mọ̀ ọ́n. Ọdún 9 ni gbogbo wọn ti fi ń tẹ̀ lé ojú ọ̀tún, wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí kí n tó rò ó.

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Tí mo bá fi ojú ọ̀tún wo ihò kámẹ́rà, ara kámẹ́rà máa ń bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú mi, ojú òsì mi á sì wà lóde lọ́fẹ̀ẹ́. Mo lè là á sílẹ̀. Nínú òde àríyá, ojú òsì yẹn ni wọ́ṣìmáàn mi. Òun ló ń rí i pé ìyá ìyàwó ti ń dìde, pé àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ti ń kó owó tuntun jáde, pé ọmọdé kan ń sáré bọ̀ wá fẹsẹ̀ gba wáyà iná. Tí mo bá wá gbé kámẹ́rà sí ojú òsì, kámẹ́rà bo gbogbo ojú mi pátápátá. Ojú ọ̀tún wà lẹ́yìn rẹ̀, kò rí nǹkan kan ju irin dúdú lọ. Wọ́ṣìmáàn ti lọ. Imú mi wá tẹ́ mọ́ síkírìnì, àtàǹpàkò ọ̀tún mi fẹ́ẹ̀ gún mi lójú.

Ẹ ti gbọ́ ọ tí àwọn àgbà ń sọ pé kí ojú má ríbi, gbogbo ara loògùn ẹ̀. Ìtumọ̀ tí mo fún un láti ọ̀sẹ̀ 5 yìí ni pé kí ojú tó lè sinmi, gbogbo ara ló gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ mìíràn. Ìgbà tó sì dáa jù láti kọ́ ọ ni ìgbà tí ojú tó mọṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, tó lè yẹ iṣẹ́ ìkejì wò. Tí mo bá ya fọ́tò pẹ̀lú ojú òsì lónìí, ojú ọ̀tún ló máa sọ fún mi lálẹ́ bóyá ó dáa. Lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀ yẹn, fún ìgbà díẹ̀, n kò ní rí ẹlẹ́rìí yẹn lò.

Kì í ṣe ojú kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí

Ohun kan tó fún mi lókun ni pé ká lẹ ojú kan mọ́ ihò kámẹ́rà kì í ṣe òfin. Àwọn àgbà onífọ́tò tó ní ṣọ́ọ̀bù láyé àtijọ́, kámẹ́rà ńlá ni wọ́n ń gbé sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n á fi aṣọ dúdú bo orí. Ojú méjèèjì ni wọ́n fi ń wo àwòrán tó dorí kodò lórí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ni Seydou Keïta fi ya àwọn ará Bamako lẹ́yìn tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 1948. Rolleiflex tí àwọn ará Jámánì gbé jáde ní 1929, àyà ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á tẹ orí ba wò ó látòkè. Evgen Bavčar, ará Slovenia, ti pàdánù ojú méjèèjì kó tó pé ọmọ ọdún 12. Fọ́tò ló sọ ọ́ di olókìkí lágbàáyé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé wa kún un. Wọ́n kọ́ Festac Town láti gba àwọn àlejò tó wá sí FESTAC '77, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé, láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Marilyn Nance bá ikọ̀ Amẹ́ríkà wá gẹ́gẹ́ bí onífọ́tò wọn, ó sì ya fọ́tò tó lé ní 1,500. Fíìmù ló fi yà á. Kò sí síkírìnì kankan tó lè wò lẹ́yìn kámẹ́rà, kò sì mọ ohun tó yà títí wọ́n fi fọ fíìmù náà. Ojú gbọ́dọ̀ wọ ihò. Èmi tó ń gbé àdúgbò kan náà lónìí ní síkírìnì tó ń yí sókè sódò, mo ní kámẹ́rà tó lè wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀, mo ní fóònù. Kò sí ìdí tí màá fi máa ṣe bí ẹni pé ihò yẹn nìkan ni ọ̀nà.

Àwọn nǹkan tí mo yí padà

Àkọ́kọ́ ni bọ́tìnnì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kámẹ́rà, tí ọ̀pọ̀ onífọ́tò kì í fọwọ́ kàn. Diopter ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ohun tó wà nínú ihò bá ojú ẹni tó ń wò ó mu. Ojú ọ̀tún àti ojú òsì lè má bára mu. Mo yí i títí àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ inú ihò fi mọ́ kedere lójú òsì, mo wá fi pẹ́ńsù sàmì síbi tó dúró. Tí ojú ọ̀tún bá padà sẹ́nu iṣẹ́, màá tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, torí dókítà ti sọ pé bí ojú náà ṣe ń ríran lè yí padà díẹ̀ tí ẹran yẹn kò bá fà á mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n má tíì ra gíláàsì tuntun títí ojú yóò fi fìdí múlẹ̀.

Ìkejì ni imú. Síkírìnì kámẹ́rà mi ń gbọ́ ìfọwọ́kàn bíi ti fóònù. Pẹ̀lú ojú òsì, imú mi ló ń tẹ̀ ẹ́, imú mi ló ń pinnu ẹni tí fọ́tò máa mọ́ sí lára. Mo wọ inú sẹ́tín ìn, mo pa ìfọwọ́kàn yẹn nígbà tí mo bá ń lo ihò. Ìṣẹ́jú kan péré ni.

Ìkẹta ni àtàǹpàkò. Mo ti máa ń lo bọ́tìnnì ẹ̀yìn láti mú kámẹ́rà fojú sun nǹkan. Ibi tí bọ́tìnnì yẹn wà báyìí, egungun ojú ọ̀tún mi ló wà níbẹ̀. Mo gbé iṣẹ́ náà padà sí bọ́tìnnì tí a fi ń ya fọ́tò gan-an, níwájú, níbi tí ìka ìfábẹ̀lá wà. Ọjọ́ 4 ni ìka náà fi kọ́ ọ.

Ìkẹrin ni wọ́ṣìmáàn. Nígbà tí ojú kejì kò lè ṣọ́nà mọ́, mo fi ìkà dípò rẹ̀: fọ́tò 3, kí n gbé kámẹ́rà sílẹ̀, kí n fi gbogbo orí wo ọ̀tún, kí n wo òsì, kí n tó gbé e padà. Ó dà bíi pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó máa ń ya fídíò níbi òde, ẹ dán an wò. Ẹ máa rí nǹkan tí ẹ kì í rí.

Ìkarùn-ún, èyí tí mo rò pé ó máa gbé mi la oṣù àkọ́kọ́ já, ni pé kí kámẹ́rà kúrò lójú pátápátá. Mo gbé okùn rẹ̀ kọ́rùn, mo na ọwọ́ síwájú títí okùn fi le dan-in dan-in, mo wá ń wo síkírìnì. Okùn tó le yẹn kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n. Mo gbé e sí ìpele àyà, bíi ti Rolleiflex àwọn bàbá wa. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ojú àwọn ènìyàn. Wọ́n ń wo ojú mi, wọn kò wo irin dúdú, ẹ̀rín wọn sì yàtọ̀.

Ẹ̀yin onífóònù, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Òótọ́ ni pé ojú méjèèjì lẹ fi ń wo fóònù. Tí wọ́n bá fi bándéèjì bo ọ̀kan, ọwọ́ yín kò ní mọ ibi tí bọ́tìnnì wà lójú síkírìnì dáadáa. Ẹ kọ́ láti fi bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sókè ya fọ́tò, torí ọwọ́ lè fọwọ́ bà á láì wò ó. Ẹ tan ìlà tó pín síkírìnì sí 9, kí fọ́tò má baà dagun. Ẹ jẹ́ kí àsìkò ìṣẹ́jú-àáyá 3 ṣiṣẹ́ fún yín, kí ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ ti ara ògiri. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìdánwò ní Agboju

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Agboju. Mo sọ fún bàbá ọmọ ṣáájú, mo sì mú ẹnì kejì dání tó ń ya tirẹ̀, kí iṣẹ́ oníṣẹ́ má baà bàjẹ́. Mo di ojú ọ̀tún mi pẹ̀lú bándéèjì láti aago 8 títí dé aago 12.

Fọ́tò 20 àkọ́kọ́ dagun, gbogbo wọn sí apá kan náà, torí orí mi ń tẹ̀ lọ wá ojú ọ̀tún bí ẹni tó ń wá ọ̀gá rẹ̀. Láti fọ́tò bíi 60 ni ọrùn ti gbà. Ohun tó le jù kò sí nínú kámẹ́rà rárá. Wọ́n gbé ìgò omi fún mi, ọwọ́ mi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, n kò mọ bí ilẹ̀ ṣe jìn tó. Ojú méjì ló ń bá ara wọn ṣe ìṣirò bí nǹkan ṣe jìnnà sí wa. Tí ọ̀kan bá wọlé, ìkejì kàn ń fojú bù ú ni. Ẹ ronú gọ́tà àdúgbò wa tí kò ní ìdérí. Ẹ ronú bí kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe ń kọjá lára ènìyàn ní First Avenue. Mo ti pinnu pé fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò ní dá jáde, ẹnì kan máa wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi.

Nígbà tí ìyá àgbà tó gbé ọmọ náà sọ oyin sí i lẹ́nu, mo wà níbẹ̀. Ojú òsì ló yà á. Fọ́tò yẹn ni bàbá ọmọ gbé sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ni mo ń dúró dè láti mọ̀ bóyá mo ṣì lè jẹun.

Owó oníbàárà

Ibi tó ń dun ènìyàn nìyí. Mo ní ìgbéyàwó kan tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti san ìdajì owó. Mo lè dákẹ́, kí n gbàdúrà pé kí ojú tètè san. Mo pe ìyá ìyàwó.

Mo ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan." Mo ṣàlàyé. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ gba owó wọn padà, ó wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá sì fẹ́, ẹlòmíràn tí mo mọ̀ pé ó dáa ju ẹni tí wọ́n lè sáré wá lọ ni yóò jẹ́ onífọ́tò àgbà lọ́jọ́ náà, èmi á wá ṣe ìkejì rẹ̀ bí dókítà bá gbà.

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo ya bàbá mi nígbà tí wọ́n pé ọdún 80. Fọ́tò yẹn ló wà ní pálọ̀. Wọ́n ti di 84 báyìí. Ẹni tó bá wù ẹ́ ni kó ya ijó. Bàbá mi, ìwọ ni o."

Mo ti mọ bí mo ṣe máa yà wọ́n. Àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìsopọ̀ sí fóònù lọ́wọ́ mi, kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ wá ojú bàbá. N kò ní yọjú wo ihò kankan. Bí dókítà bá sọ pé kò tíì tó àsìkò, màá jókòó sórí àga kan, màá sì máa sọ fún ẹnì kejì ibi tó máa gbé kámẹ́rà sí. Ojú mi kọ́ ni bàbá fẹ́ rí níbẹ̀, ẹni tí wọ́n mọ̀ ni.

Ohun tí dókítà ní kí n má ṣe

N kò ní fọwọ́ ra ojú. N kò ní jẹ́ kí omi ìwẹ̀ ta sí i. Báàgì kámẹ́rà tó wúwo máa wà nílé, n kò sì ní dúró nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tàbí eruku títí wọ́n á fi gbà mí láyè. Ojú náà máa pọ́n, ó máa dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn kò yẹ kó dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, tàbí bí ìríran bá ṣú, kí n sáré padà, kí n má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Títí ayé mi, fésì káàpù àti gíláàsì tó ń dí ìtànṣán oòrùn ti di aṣọ iṣẹ́, bí ẹ bá ti rí mi ní Mile 2.

Ẹ̀rù ń bà mí? Ó ń bà mí díẹ̀. Ojú ni. Àmọ́ ẹ̀rù ọ̀sẹ̀ 5 sẹ́yìn kọ́ ni. Ìgbà yẹn, tí mo bá ronú Ọjọ́bọ̀, òkùnkùn ni mo ń rí. Nísinsìnyí, mo mọ ibi tí ọwọ́ mi máa wà láàárọ̀ Jímọ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ àmúrelé yín rèé. Ẹ ṣe ìdánwò Miles yẹn lálẹ́ òní, kí ẹ mọ ojú tó jẹ́ ọ̀gá. Ní Sátidé, ẹ fi ojú kejì tàbí ọwọ́ kejì ya fọ́tò 10 péré, kò báà jẹ́ ti ìsáǹsá tí màmá yín fẹ́ sè. Bí ẹ bá sì rí ẹran kékeré kan tó ń rá láti igun ojú yín, tàbí lójú ẹni tó ń wakọ̀ gbé yín, ẹ ní kó lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó nígbà tó ṣì jìnnà sí àárín.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó ń bọ̀, ẹnì kejì mi ni yóò wà nídìí máíìkì. Ẹ fi fọ́tò 10 yẹn ránṣẹ́ sí wa o. Òun ló máa kà yín fún mi, títí n ó fi lè wò wọ́n fúnra mi.